Mo Fọwọ́ Sílẹ̀

Ìwà òmùgọ̀ gbáà ni mo hù. Mo yọ̀ǹda ara mi pé n ó máa gbé àwọn tó bá fara pa níbi tí wọ́n ti ń yọ̀ ṣeré lórí òkè yìnyín sọ̀kalẹ̀, àmọ́ níbi tí a ti ń kọ́ṣẹ́, ẹ̀rù bà mí, mo fọwọ́ sílẹ̀ lára ọkọ̀ pẹlẹbẹ aláìnítáyà tí a fi ń gbé wọn. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó ṣófo.

Bó ṣe ń ha yìnyín lọ, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ha ilẹ̀ pupa lẹ́yìn ilé wa n'Ìbàdàn lọ́sàn-án ọjọ́ kan. A jókòó lé e, à ń yọ̀ bọ̀ láti orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́; àbúrò mi obìnrin ló wà níwájú.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ẹ dì mí mú?"

"Gbagbagba!"

Nígbà tí eré pọ̀, mo fò bọ́ sílẹ̀. Òun lọ kọlu àpáta. Eruku kún ẹnu mi. Kò sunkún, ó kàn ń wò mí. Mo rò pé kò dùn ún, mo bá lọ já gúáfà jẹ.

Níbi ẹ̀kọ́ yìí ni wọ́n ti wá sọ fún mi pé nínú àwọn tó fara pa, ẹni tó bá dákẹ́ ni kí a kọ́kọ́ sáré tọ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì ni àbúrò mi ní Laurel, nílùú òyìnbó níbí, báyìí. Mo lọ bá a nígbà tó ti iṣẹ́ dé, mo ní mi ò ṣe mọ́. Ó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ tó fi ń tiro láti ọjọ́ náà.

"Bọ̀ọ̀dá mi, baba ojo! Ẹ padà lọ. Ẹ ṣáà má fọwọ́ sílẹ̀ mọ́."