Imú Àyálò

N kò gbóòórùn mọ́. Mo lè jókòó ti ẹja gbígbẹ kí n má mọ̀ pé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìyàwó mi ló máa ń gbóòórùn ọbẹ̀ àná fún mi kí n tó fẹnu kàn án.

Iná tó jó ṣọ́ọ̀bù àwọn wẹ́dà, àwọn tó ń jó irin pọ̀, tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Apo ló gba imú lọ́wọ́ mi. Sílíńdà kan ló ń jò. Mo bi ọ̀gá mi ìgbà náà, mo ní, "Ṣé kò séwu?" Ó ní, "Àlàáfíà ni." Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo wà láyé tí mò ń sọ ọ́; òun kò sí mọ́. Dókítà ní ooru àti èéfín ti ba ibi tí imú fi ń gbọ́ jẹ́, pé ó lè padà, ó sì lè má padà. Kò padà. Láti ìgbà náà, bí ẹnìkan bá yára sọ fún mi pé àlàáfíà ni, mo máa ń wo ojú rẹ̀ dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, ọmọ Ọ̀ṣun, ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn ọjà Utako níbi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì ìdáná. Ọ̀gá ni gbogbo ènìyàn ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà. Nígbà tó ní kí n wá máa bá òun rọ gáàsì, mo kọ̀. Ẹni tí kò gbóòórùn, kí ló fẹ́ wá ṣe nídìí gáàsì? Àmọ́ iṣẹ́ kò sí, ilé sì ń jẹun. Mo sọ fún un pé n kò ní wá àfi tó bá ra ẹ̀rọ tí yóò máa gbóòórùn fún mi.

Ó rà á. Nǹkan kékeré ni, bí ọṣẹ ìwẹ̀, a kàn án mọ́ ògiri nítòsí táńkì ńlá, wáyà rẹ̀ sì lọ sínú kọ̀ǹpútà àlòkù kan. Àbúrò kan nínú ìjọ wa, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní iléeṣẹ́ ìjọba, ló bá wa kọ ètò tó ń darí rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé ètò òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ló mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ti kó ìmọ̀ yẹn sínú fáìlì kan tí ètò èyíkéyìí lè yá lò. Láíbìrì ni wọ́n ń pè é. Bí ètò bá ti ń bẹ̀rẹ̀, á ké sí láíbìrì, láíbìrì á wọlé, á sì máa gbóòórùn fún un.

Mo ní, "Bí tèmi náà nìyẹn. Imú àyálò."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Ohun tó ń hàn lójú kọ̀ǹpútà kò ju méjì lọ: nọ́ńbà kan, àti ọ̀rọ̀ kan lábẹ́ rẹ̀. Bí gáàsì bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, á kọ GÁÀSÌ Ń JÒ, á sì pariwo. Bí kò bá sí, á kọ Àlàáfíà ni. Ọ̀gá ló ní kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá. Bí mo bá yọ rọ́bà kúrò lẹ́nu sílíńdà tí mo rọ tán, ìwọ̀nba gáàsì máa ń bọ́ síta. Nọ́ńbà náà á gòkè díẹ̀, á tún sọ̀kalẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ó dà bí ẹni tó ń mí.

Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. Ọ̀gá gbé e lọ fún ẹni tó ń tún wọn ṣe nínú ọjà. Ó padà dé, ó mọ́ tónítóní, ó sì ń yára. Láti ọjọ́ náà, nọ́ńbà kò kúrò lójú òdo mọ́. Mo yọ rọ́bà, òdo. Mo yọ òmíràn, òdo. Àlàáfíà ni.

Mo lọ bá Ọ̀gá. "Ọ̀gá, nǹkan yìí kò mí mọ́."

"Kí ló ṣe é?"

"Òdo ló ń sọ ṣáá."

"Kí ló tún burú nínú ìyẹn? Òdo ni pé gáàsì kò sí níta. Inú sílíńdà ló wà, níbi tí mo ti ń tà á."

"Àmọ́ tẹ́lẹ̀, bí mo bá yọ rọ́bà..."

"Àna mi, ṣé kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lo fẹ́? Nígbà tó ń pariwo, o bẹ̀rù. Ó dákẹ́, o tún ń bẹ̀rù. Kí la fẹ́ fi ọ́ ṣe gan-an?"

Mo padà sídìí sílíńdà, ṣùgbọ́n ara mi kò balẹ̀. Ọ̀gá yìí kan náà ló ti sọ rí pé ariwo ẹ̀rọ ń lé àwọn oníbàárà lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé ó ní kí wọ́n pa á lẹ́nu mọ́. Bóyá ẹni tó tún kọ̀ǹpútà ṣe ló bẹ̀, bóyá àbúrò yẹn. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ bó bá dé ìdí kọ̀ǹpútà. Mo ń jẹun, ojú mi wà lára rẹ̀.

Obìnrin kan ń din àkàrà ní òdìkejì gọ́tà, ní iwájú ṣọ́ọ̀bù wa gan-an. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń dáná. Òun ni mo wá ń pè kí ó wá bá mi gbóòórùn yí táńkì ká kó tó tan iná rẹ̀. Á wá, á na imú sókè, á ní, "Ẹ̀yin ọkọ mi, ẹ ti sọ mí di ajá ọdẹ. Kò rùn o. Ṣé kí n gbó fún yín?"

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó ti to igi rẹ̀ sílẹ̀, ó ti lọ lọ ẹ̀wà. Ara ilé nìkan ló wà nílẹ̀, èmi àti Ọ̀gá. Télọ̀ Hausa kan tó máa ń rọ gáàsì lọ́dọ̀ wa wọlé pẹ̀lú sílíńdà rẹ̀.

"Sànnu, Bàbá."

"Yauwa, sànnu."

Ó dúró lójijì. "Kai! Bàbá, gáàsì ń rùn fa!"

Mo wo kọ̀ǹpútà. Òdo. Àlàáfíà ni.

N kò mọ ìgbà tí mo dé ìdí táńkì. Mo ti fáàfù ńlá, mo ṣí géètì iwájú àti ti ẹ̀yìn gbayawu. Mo ní kí Ọ̀gá àti télọ̀ jáde, kí wọ́n má fọwọ́ kan iná, kí wọ́n má gbé fóònù. Wọ́n jáde láì jiyàn. Ìgbà náà ni mo rí ìyá alákàrà tó ń bọ̀, ẹ̀wà lílọ̀ lórí, ìṣáná lọ́wọ́. Mo sáré bá a, mo já ìṣáná gbà.

"Háà! Ṣé ọlọ́pàá ni yín?"

Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ gbé òórùn náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó sọ igbá ẹ̀wà kalẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gbé ọmọ tó ń sùn sílẹ̀, ó sì bá wa lọ sí òkè ọ̀nà.

Nígbà tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́ gbogbo rẹ̀ lọ, a rí i pé rọ́bà tó jáde lára táńkì ló ti sán lọ́rùn. Mo wọlé lọ wo kọ̀ǹpútà. Àlàáfíà ni ló ṣì ń wí.

Èmi náà mọ àṣà wa. Ọ̀fọ̀ lè ṣẹ̀ nílé kí onílé ṣì dáhùn lẹ́nu ọ̀nà pé àlàáfíà ni. Ìgbà tí àlejò bá jókòó, tó mu omi, ni wọn yóò tó là á fún un. Ẹ̀rọ yìí dúró sí ẹnu ọ̀nà. Kò dé ibi omi.

Àbúrò náà dé nígbà tó kúrò níbi iṣẹ́. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ gan-an kí n lè rí ọwọ́ rẹ̀.

"Ta ló ní kí o dí i lẹ́nu?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n wò ó ná."

Ó ṣí ètò náà. Ó nàka sí ìlà kan. "Níbí, mo ní kó gbìyànjú láti pe láíbìrì wọlé. Níbí, mo sọ ohun tó máa ṣe bí láíbìrì bá kọ̀."

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: pass. Mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Òun ni ṣọ́jà máa ń sọ lójú ọ̀nà Gwagwalada bó bá ti wo ojú èèyàn tán: máa kọjá.

"O ní bí imú bá kọ̀ láti wá, kó máa kọjá lọ?"

Ó ní ìgbà tí òun ń kọ ọ́ nílé, ẹ̀rọ agbóòórùn kò sí lọ́dọ̀ òun, láíbìrì kò sì yé kọ̀, ètò a sì dúró. Òun wá fi ọ̀rọ̀ yẹn síbẹ̀ kí òun lè máa bá iṣẹ́ ohun tó ń hàn lójú kọ̀ǹpútà lọ. Òun fẹ́ yọ ọ́ kúrò, òun gbàgbé. Nọ́ńbà náà sì ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Bí kò bá sí ẹni tó yí i padà, òdo ni yóò wà, òdo sì ni àlàáfíà.

"Nítorí náà, kò gbọ́ nǹkan kan?"

"Kò gbọ́ nǹkan kan, Ẹ̀gbọ́n. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti tún kọ̀ǹpútà ṣe."

Ó yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò, ó tún ètò bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì pupa tò wálẹ̀. Ó túmọ̀ rẹ̀ fún mi: fáìlì láíbìrì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n irú ètò ìpìlẹ̀ tí kọ̀ǹpútà náà ń lò tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó tún kọ̀ǹpútà ṣe ti fi irú mìíràn sínú rẹ̀.

"Ṣé gbogbo èyí ló fẹ́ sọ láti ìgbà yìí?"

"Ó ń sọ ọ́. Èmi ni mo dí i lẹ́nu."

Ọ̀gá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbọ́. Ó wò mí. "Èmi lo rò pé mo ṣe é, àbí?"

Mo yí ojú sí kọ̀ǹpútà.

"Àna mi, inú ṣọ́ọ̀bù yìí kan náà ni mò ń jókòó sí o."

Àbúrò rí láíbìrì tó bá kọ̀ǹpútà mu gbà lọ́dọ̀ àwọn tó ṣe ẹ̀rọ, àmọ́ n kò jẹ́ kó dìde. Mo ní bó bá tún kọ̀ ńkọ́? Ó ní fáìlì lè má sí níbi tí a fi í sí. Ó lè wà níbẹ̀ kó má bá kọ̀ǹpútà mu. Ó sì lè wọlé tán kó jẹ́ pé iṣẹ́ tí a ń wá nínú rẹ̀ ni kò sí. Ó kọ ọ́ kí ètò lè sọ èyí tó jẹ́ nínú wọn, kó sì pariwo. Ó yọ òdo kúrò níbẹ̀rẹ̀, ó fi àlàfo sí i: títí ẹ̀rọ yóò fi gbóòórùn lóòótọ́, kò ní í sí nọ́ńbà kankan.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí yóò hàn lábẹ́ rẹ̀. Ó bi mí, ó ní, "Bí ẹnìkan bá bi yín pé ṣé gáàsì ń rùn, kí lẹ máa ń sọ?"

"Mo máa ń ní n kò gbóòórùn."

"Ẹ kì í sọ pé kò rùn?"

"Láéláé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?"

"Ẹ̀n-ẹ́n." Ó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀: N KÒ GBÓÒÓRÙN.

Síbẹ̀, n kò fọkàn tán an. Láràárọ̀, kí oníbàárà tó dé, mo máa ń yí orúkọ láíbìrì náà padà bó ṣe kọ́ mi, kí ètò wá a tì. Bó bá pariwo, mo dá orúkọ rẹ̀ padà. Ọ̀gá á ní, "O tún ti ń dẹ páńpẹ́ fún un."

Nígbà ọyẹ́, ó pariwo ní ìrọ̀lẹ́ kan láì jẹ́ pé mo fọwọ́ kàn án. N KÒ GBÓÒÓRÙN. Fáìlì láíbìrì kò sí níbi tí a fi í sí. Mo ti fáàfù, mo sọdá gọ́tà lọ bá ìyá alákàrà, mo ní kó má tíì ṣá iná.

"Ṣé ó ń jò ni?"

"N kò mọ̀."

"Kí wá lẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀ pé a kò mọ̀."

Ó pòṣé. Àwọn tó fẹ́ ra àkàrà ti ń pé jọ. Ó na imú sókè, ó ní òun kò gbọ́ nǹkan kan, pé ọyẹ́ ti dí òun nímú. Àmọ́ kò ṣá iná.

Ọ̀gá ló ti ń pa àwọn fáìlì tí kò mọ̀ rẹ́ láti fi gba àyè nínú kọ̀ǹpútà, ó sì pa á, ó tún un tàn. Àbúrò ń darí wa lórí fóònù lójú pópó, èmi ń wọlé lọ ṣe ohun tó wí, títí a fi dá láíbìrì padà. Àlàfo náà dúró díẹ̀, òdo wá jáde. Àlàáfíà ni.

Ọ̀gá ní, "Ó tán, ẹ jẹ́ kó máa din àkàrà ẹ̀."

Mo ní kó ní sùúrù. Mo mú sílíńdà kan, mo yọ rọ́bà kúrò lẹ́nu rẹ̀. Nọ́ńbà náà gòkè díẹ̀, ó sì sọ̀kalẹ̀. Ìgbà náà ni mo jáde síta, tí mo mi orí sí ìyá alákàrà pé kó ṣá iná.