Ọrùn Joel Gbádégẹṣin

Ìlú Hyattsville, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí Joel Mobáyọ̀ Gbádégẹṣin sí, lọ́dún 1971. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Morọ́láyọ̀, ìyá rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló dá tọ́ ọ dàgbà. Oníṣègùn ni ìyá fẹ́ kó dà, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, orí rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan àtẹ́rígbà ilé ìdáná, àwọn kóòṣì sì ti ń wá a kiri.

Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ló ń gbá, èyí tí wọ́n máa ń gbé mọ́ àyà sáré. “Ẹ̀ ń fọwọ́ gbé e, ẹ tún ń pè é ní bọ́ọ̀lù ẹsẹ̀,” ni ìyá rẹ̀ máa ń wí. Joel kì í tilẹ̀ gbé e. Ara àwọn tó ń dènà ni. Ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù bọ̀ ni yóò kọ lù, tí yóò gbé ṣánlẹ̀.

Lọ́dún 1993, ẹgbẹ́ kan tó ń sanwó fún eléré gbà á. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá gẹ́gẹ́ bí adípò. Ìgbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún 1996, orúnkún ẹni tó wà níwájú rẹ̀ yẹ̀, kóòṣì sì sọ fún Joel pé ipò náà ti di tirẹ̀.

Kóòṣì kò mọ̀ pé bí Joel bá ti kọ lu ènìyàn gidi, ọwọ́ òsì rẹ̀ á kú fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan. Ó ti kọ́ bí a ti ń fi í pamọ́: á fi ọwọ́ ọ̀tún ti àtàǹpàkò òsì bọ inú bẹ́líìtì, àwọn ènìyàn á rò pé ó kàn dúró bí akọni ni.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ fura, lọ́jọ́ tí ife tíì bọ́ lọ́wọ́ Joel.

“Mobáyọ̀, gbé ọwọ́ òsì sókè.”

“Mọ́mì, ó kàn rẹ̀ mí ni.”

“Ṣé mo bi ọ́ bóyá ó rẹ̀ ọ́? Gbé e sókè.”

Ọwọ́ náà dé èjìká, ó dúró síbẹ̀.

Oníṣègùn kan tí ìyá mọ̀ ya fọ́tò egungun ọrùn rẹ̀. Ó ní ihò tí okùn ọ̀pá ẹ̀yìn gbà kọjá ti há láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Bó bá ń kọ lu ènìyàn báyìí lọ, ọjọ́ kan lè wà tí yóò ṣubú tí kò ní lè gbé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ mọ́.

Joel kúnlẹ̀ nínú ọkọ̀ ìyá rẹ̀ tó há fún un. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnì kankan. Ọdún mẹ́ta ni mo fi jókòó. Tí ọdún yìí bá parí, mo máa fi í sílẹ̀.”

Ìyá ṣèlérí. Ọ̀pọ̀ ọdún ló ti fi pa àṣírí aláìsàn mọ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, Joel ṣubú lórí pápá, kò sì mira fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú méjì. Ibi iṣẹ́ ni ìyá ti rí i lórí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó dìde, ìyá jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun yóò dúpẹ́ níwájú ìjọ.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ wọn kò ní eré. Joel wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Glenarden pẹ̀lú àlejò kan, Jesse Tolliver, kóòṣì àwọn tó ń dènà. Nínú ìjọ yìí, àwọn àgbà máa ń fi Yorùbá jẹ́rìí, Tọ́pẹ́ ògbufọ̀ á sì máa tú u sí Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọmọ tí a bí síbí. Morọ́láyọ̀ ti gbọ́ ohùn Tọ́pẹ́ fún ọdún mọ́kànlá, débi pé kì í tilẹ̀ kíyè sí i mọ́. Ó gba máìkì.

“Oníṣègùn ní bí ọmọ mi bá tún ṣubú, ó lè má dìde mọ́. Ó ṣubú, Ọlọ́run gbé e dìde!”

Tọ́pẹ́ tú u láìku ọ̀rọ̀ kan. Ìjọ hó yèè. Jesse Tolliver kò hó. Ó yíjú, ó ń wo ọrùn Joel.

Adébùnmí, ọ̀rẹ́ ìyá, fà á sẹ́yìn lẹ́nu ọ̀nà. “Ìyá Mobáyọ̀, ẹ̀yin náà! Níwájú ọ̀gá rẹ̀?”

“Yorùbá ni mo sọ.”

“Tọ́pẹ́ ńkọ́? Ṣé ògiri ni?”

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, oníṣègùn ẹgbẹ́ náà ya fọ́tò ọrùn Joel. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, wọ́n fòpin sí àdéhùn Joel. Kò sí ẹgbẹ́ mìíràn tó fẹ́ fọwọ́ kan irú ọrùn bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ ìyá kò ṣiṣẹ́, Joel ló gbé e lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Ó dá ọkọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀.

“Mọ́mì, ṣé ẹ gbàgbé Tọ́pẹ́ lóòótọ́?”

“Mo gbàgbé.” Ó mú àpò rẹ̀, kò tíì sọ̀ kalẹ̀. “Ṣùgbọ́n ká ní mo rántí ni, Mobáyọ̀, mi ò mọ̀ bóyá ǹ bá dákẹ́.”

Joel dúró títí ìyá fi wọlé, ó sì padà sí Hyattsville. Ní aago kan ọ̀sán, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bọ́ sí pápá. Kò tan tẹlifíṣọ̀n.