Ìyá Tóyìn wá mú ọmọ rẹ̀ kúrò lórí pápá

Ẹnu mi tí gbogbo Ọ̀wọ̀ mọ̀ kọ̀, kò ṣiṣẹ́ lónìí.

Èmi tí mo fi àáké kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gẹdú nígbó Arimogija! Èmi tí n kò kàwé dé ibì kankan, tí mo kọ́lé mẹ́ta!

Fúnkẹ́, ọmọ ọmọ mi, ló dá ẹgbẹ́ rọ́gbì obìnrin sílẹ̀ ní yunifásítì. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbé sáré ni, tí wọ́n ń taari ara wọn lulẹ̀ nítorí ẹ̀. Igi tèmi ni wọ́n fi ṣe òpó pápá wọn.

Òní ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ bá àlejò ṣeré. Méje péré ni wọ́n, Tóyìn wà nínú wọn, méje náà ni eré ọ̀hún ń gbà.

Kí wọ́n tó fọn fèrè, ìyá Tóyìn dé láti Ifọ́n, ó gbá ọmọ rẹ̀ lápá mú.

Mo ní, "Fi ọmọ sílẹ̀! Ṣé o mọ ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀?"

Ó kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò tú ọwọ́. "Mo mọ̀ yín, Bàbá Onígẹdú. Tí eyín ọmọ mi bá kán síbí, ṣé Kúnlé yín máa fẹ́ ẹ?"

Kúnlé ni àbíkẹ́yìn mi, kò tíì níyàwó. Gbogbo wọn ń wò mí. "Bẹ́ẹ̀ ni" lásán ni kí n sọ. N kò sọ ọ́.

Ó fa Tóyìn lọ, ó ku mẹ́fà. Àwọn àlejò náà wọkọ̀ wọn padà.

Fúnkẹ́ ń ká jẹ́sì, kò wojú mi. "Bàbá àgbà, ẹ wá hú òpó yín, ẹ fi kọ́lé kẹrin."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ ọkùnrin, kí lẹ̀ bá fi dá obìnrin yẹn lóhùn? Ẹ má purọ́ fún mi o.