Bí A Ṣe Yan Hitch fún Pick-up Ẹ̀yìn Kúkúrú Wa

Kọ́tìnì ló mú Bàbá dé ilé wa. Àárín àwọn ọdún 1980 ni, lásìkò tí iṣẹ́ epo dẹnu kọlẹ̀ ní Calgary, tí o bá rìn ní Falconridge, ilé mẹ́ta sí mẹ́rin lo máa rí tí wọ́n kọ "For Sale" síwájú wọn. Òyìnbó arúgbó kan tó ń gbé ní òdìkejì títì wa ni Bàbá yìí. Ìyàwó wọn ti kú ní ọdún méjì ṣáájú, ojú wọn sì ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀, débi pé dókítà ti ní kí wọ́n má wakọ̀ mọ́. Wọ́n gbọ́ pé mò ń ránṣọ ní basement wa, ni wọ́n bá ká kọ́tìnì mẹ́fà sínú àpò, wọ́n gbé e wá lọ́sàn-án Sátidé kan tí snow ń yọ́.

"Etí wọn ti tú," ni wọ́n wí lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Mo fẹ́ ta trailer mi. N kò fẹ́ kí ẹni tó bá wá wò ó rò pé a ò tọ́jú rẹ̀."

Mo ní mo gbọ́dọ̀ wọn fèrèsé náà kí n tó gé ohunkóhun. Bí mo ṣe tẹ̀ lé wọn dé ẹ̀yìn ilé wọn nìyẹn.

Kì í ṣe tírélà tó ń kó sìmẹ́ńtì lójú ọ̀nà Ìbàdàn o. Ilé ni, ilé kékeré tó ní táyà mẹ́rin lábẹ́. Ó ní sítóòfù, ó ní fíríìjì tí kò ga ju ìbàdí mi lọ, gbogbo ife ló sì ní ìkọ́ tirẹ̀. Níwájú, ilẹ̀ rẹ̀ gbé sókè bí àjà, àtẹ̀gùn méjì lo máa gùn kí o tó dé orí ibùsùn tó wà níbẹ̀. Mo jókòó sórí ibùsùn náà pẹ̀lú téèpù lọ́rùn, mo sì gbàgbé ohun tí mo wá ṣe. Ọdún mẹ́fà ni mo ti lò ní Calgary nígbà náà. Mo máa ń rí òkè Rockies láti ojú fèrèsé ilé ìdáná, àmọ́ n kò tíì sùn níta ìlú yẹn rí.

Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi, ẹ̀rín ló rín. "Trailer kẹ̀? Ṣé ilé tá a ní ò tó wa ni?" Ẹnjiníà ni. Iléeṣẹ́ epo tó mú un wá sí Canada ti dá a dúró, ó sì ti rí iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń jó irin pọ̀ ní Foothills Industrial. Ọjọ́ orí kan náà ni wá, a jọ kàwé ni, n kì í pè é ní "ẹ" àfi tí ìyá rẹ̀ bá wà nítòsí. Mo ní kó kàn lọ wò ó. Ó lọ, wákàtí méjì ló lò níbẹ̀, ìgbà tó sì padà dé, ọ̀rọ̀ sípíríìnì abẹ́ trailer ló ń sọ lẹ́nu bí ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ ọmọ tuntun.

Bàbá gbà láti yọ̀ǹda rẹ̀ fún wa, àmọ́ wọ́n ní ohun kan wà tí àwọn fẹ́. Lọ́dọọdún, nígbà summer, ká máa gbé àwọn lọ sí adágún omi kan láàárín òkè, níbi tí àwọn àti ìyàwó àwọn ti máa ń lọ. A gbà kíá.

Irú trailer yìí, wọn kì í so ó mọ́ bọ́ńpà ọkọ̀. Orí rẹ̀ tó gbé sókè yẹn máa ń nà bọ́ sókè ẹ̀yìn pick-up. Irin tó nípọn kan yọ sísàlẹ̀ láti ọrùn rẹ̀, irin yẹn ló máa wọnú hitch tí wọ́n dè mọ́ inú ẹ̀yìn pick-up, láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Hitch náà ní ẹnu tó máa ń pa dé mọ́ irin yẹn bí àgbọ̀n. Bàbá ti ta pick-up tiwọn, ṣùgbọ́n wọn ò ta hitch rẹ̀. Wọ́n mú wa lọ sínú garage wọn, wọ́n ṣí aṣọ kan kúrò lórí rẹ̀. Wọ́n ti fi gírísì pa á, ó ń dán.

"Tiyín nìyí," ni wọ́n wí. "Ọdún mọ́kànlá ló fi gbé èmi àti ìyàwó mi kiri. Kò já wa kulẹ̀ lọ́jọ́ kan."

Ọkọ mi fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Díẹ̀ ló kù kó dọ̀bálẹ̀.

Àmọ́ ẹ̀yìn pick-up tiwọn tí wọ́n tà, fíìtì mẹ́jọ ni. Tiwa ò ju mẹ́fà ààbọ̀ lọ. Torí kó lè wọ garage la ṣe ra oníkúkúrú. Nígbà tá a ń jẹun, mo bi ọkọ mi pé ṣé trailer yẹn á ráyè yí lẹ́yìn pick-up wa báyìí. Ó ní òun máa ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ kejì, mo tún bi í, ó ní òun ṣì máa ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ kẹta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé ó ti ṣírò rẹ̀ tipẹ́, ìdáhùn rẹ̀ ni kò wù ú.

"Ìyá Ìbejì," ó wí, "kí ni kí n wá sọ fún bàbá yẹn? Pé irin tí òun àti ìyàwó rẹ̀ fi lọ gbogbo ibi tí wọ́n lọ, kò wúlò fún wa?"

Mo mú téèpù, mo jáde. Láti ibi tí hitch máa wà títí dé ẹ̀yìn orí pick-up wa, níbi tí èèyàn ń jókòó sí, jẹ́ ínṣì mọ́kàndínlógójì. Mo kọjá sí òdìkejì, mo wọn fífẹ̀ trailer: fíìtì mẹ́jọ gééré, ìyẹn ni pé láti àárín rẹ̀ dé etí rẹ̀, ínṣì méjìdínláàádọ́ta. Mo padà wọlé, mo gé pick-up àti trailer jáde nínú páálí tí mo máa ń lò fún àwòṣe aṣọ, ínṣì kan dúró fún fíìtì kan. Mo fi abẹ́rẹ́ kan gún méjèèjì pọ̀ níbi tí hitch máa wà, mo sì tún lẹ páálí tó dúró ṣanṣan síbi tí ẹ̀yìn orí pick-up wà.

Àwọn ìbejì wa, ọmọ ọdún méje nígbà náà, wá dúró tì mí. Níwọ̀n ìgbà tí trailer bá ń tẹ̀ lé pick-up lọ tààrà, kò sí wàhálà. Mo wá yí i bí ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ kọ́nà tóóró. Igun rẹ̀ gbá ẹ̀yìn orí pick-up gbàì.

"Mummy, it's hitting us!" ni ọ̀kan nínú wọn kígbe.

Ọkọ mi ti dúró lẹ́yìn mi, n ò mọ̀. "Ó máa fọ́ gíláàsì ẹ̀yìn," ó wí jẹ́ẹ́.

"Orí àwọn ọmọ yìí ló sì máa wà níwájú gíláàsì yẹn," ni mo fèsì.

Mo ní èmi á lọ bá Bàbá sọ ọ́. Ó ní rárá, a jọ máa lọ ni.

Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, a lọ. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn, ó kí wọn títí, ó sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, ó yin hitch, ó tún padà sí ojú ọjọ́. Bàbá ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀?" Mo bá kó páálí náà lé wọn lọ́wọ́.

"Pick-up wa nìyí, Bàbá. Trailer nìyí. Ẹ bá mi yí i."

Ojú wọn ò lè rí i dáadáa, nítorí náà ìka ni wọ́n fi wò ó. Wọ́n fi àtàńpàkò tọ etí rẹ̀ yíká, wọ́n mọ ibi tí abẹ́rẹ́ wà, wọ́n wá yí i díẹ̀díẹ̀ títí tó fi dún gbì. Wọ́n dá a padà. Wọ́n tún yí i. Nígbà kẹta, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mì wọ́n léjìká.

"Ìyàwó mi ì bá ti sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo gbé irin yẹn jáde," ni wọ́n wí. Wọ́n nu ojú. "Mo mọ̀ pé ẹ̀yìn ọkọ̀ yín kúrú. Ọjọ́ tí ẹ rà á ni mo ti mọ̀. Ó kàn wù mí kí irin yẹn tún lọ lẹ́ẹ̀kan sí i ni."

Ọkọ mi kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn, ó gbé ọwọ́ lé apá wọn. Bàbá ní, "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ wá èyí tó bá a mu."

Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwa mẹ́ta lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan lọ́nà ibi iṣẹ́ ọkọ mi. Ọkùnrin onírunmú kan ló ń tajà níbẹ̀, ọkọ mi nìkan ló sì ń bá sọ̀rọ̀. Ó fi èyí tí kì í kúrò lójú kan hàn wá. Ọkọ mi béèrè pé ṣé a ò kúkú lè de irú èyí sẹ́yìn díẹ̀ ju táyà lọ ká sì fi í síbẹ̀. Onírunmú ní ó ṣeé ṣe. Bàbá mi orí pé rárá.

"Tí ìwúwo bá ti kọjá sẹ́yìn táyà, iwájú ọkọ̀ á máa gbé sókè, ọwọ́ ìtọ́kọ̀ á wá fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ. O ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà òkè."

Èyí tó kù ni irú tó ń sún. Tí o bá wà lójú títì gbọọrọ, ó máa wà láàárín táyà níbi tó yẹ kó wà. Tí o bá fẹ́ yí níbi tóóró, wàá fa ọwọ́ rẹ̀ kan, yóò sún sẹ́yìn, trailer á sì jìnnà sí orí ọkọ̀. Méjì ló ní nínú irú yìí. Ọ̀kan fúyẹ́, wọ́n kùn ún lóòdà pupa, ó dára lójú. Ìkejì dúdú, ó wúwo, ó rí bí ìdàrọ́. Onírunmú ní pupa ni gbogbo onípick-up kúkúrú ń rà.

Mo yọ téèpù jáde. Mo ní kó sún wọn kí n rí i. Ó wo ọkọ mi, ọkọ mi ní kó sún wọn. Pupa sún ínṣì mẹ́jọ. Dúdú sún méjìlá.

"Pupa ò tó," ni mo wí. "Ínṣì kan ló máa fi dín. Dúdú á ṣẹ́ mẹ́ta kù fún wa."

"Madam, kò sẹ́ni tó ń yí tó bẹ́ẹ̀," ni onírunmú wí.

"Mo mọ ibi tá à ń lọ," ni Bàbá dá a lóhùn. "Òun ni kó o máa bá sọ̀rọ̀. Òun ló wọ̀n ọ́n." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ki ọwọ́ bọ ẹnu dúdú, wọ́n ṣí i, wọ́n pa á dé, wọ́n ń gbọ́ ìró rẹ̀. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà bíi márùn-ún.

"Àmọ́ ó burẹ́wà o," ni ọkọ mi wí.

"Kì í ṣe pé wàá máa wò ó," ni Bàbá fèsì, a sì rà á.

Sátidé méjì ni ọkọ mi fi lu ihò sí ẹ̀yìn pick-up tó sì dè é. Bàbá jókòó sórí àga nínú garage wa, wọ́n ń sọ ìtàn ìrìn àjò wọn fún un, wọ́n sì ń sọ fún un nígbà tí nọ́ọ̀tì kan ò bá tíì le tó, láti inú ìró rẹ̀ nìkan. Hitch àtijọ́ náà, ẹnì kan níbi iṣẹ́ ọkọ mi tó ní pick-up ẹ̀yìn gígùn ló gbà á, Bàbá sì ní kó wá sílé wọn kó wá gba gírísì.

A jáde ní July. Èmi ni mo wà láàárín níwájú, Bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, àwọn ìbejì lẹ́yìn wa. Ọkọ mi rọra wakọ̀ débi pé mọ́tò tó tẹ̀ lé wa ń fọn fèrè. Ọ̀nà tó wọ ibùdó etí adágún náà tóóró, igi wà lọ́tùn-ún lósì, òkúta wẹ́wẹ́ sì kún ilẹ̀. Ó ń yí wọ àyè wa nígbà tí Bàbá na ọwọ́ lu dáṣíbọ́ọ̀dù.

"Dúró! Ṣé o ti fà á sẹ́yìn?"

Ó tẹ bíréèkì. Kò tíì fà á. Ìdùnnú pé a ti dé ló jẹ́ kó gbàgbé. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ wo ẹ̀yìn: ọwọ́ mi ò lè wọ àárín igun trailer àti gíláàsì tí àwọn ọmọ fi ẹ̀yìn tì.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?" ni ọkọ mi bi wọ́n.

"Táyà trailer ti ń wọ́ lórí òkúta. Tí o bá ti ń gbọ́ ìró yẹn, o ti yí jù."

Ó dá ọkọ̀ tọ́. Ó ki igi méjì sábẹ́ táyà trailer kó má bàa rìn, ó fa ọwọ́ hitch náà, ó sì rọra wakọ̀ síwájú. Irin dún kláà. Ó wá tún un yí láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo dúró ti igun yẹn pẹ̀lú téèpù mi, ó sì kọjá lọ. Nígbà tó pa ọkọ̀, ó wá bá mi níbi tí mo dúró sí, ó ní, "O ṣeun." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Summer mẹ́rin la fi gbé Bàbá lọ síbẹ̀, àmọ́ àárọ̀ àkọ́kọ́ yẹn ni mo máa ń rántí jù. Mo gbé tíì lọ bá wọn létí omi. Wọ́n ní kí n sọ bí ó ṣe rí fún àwọn, ojú àwọn ò gbé e mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì: omi ń tàn, snow wà lórí òkè, ó pọ́n díẹ̀ níbi tí oòrùn ti kàn án. Gẹ̀ẹ́sì mi wá tán. Àwọ̀ omi yẹn, mi ò mọ ohun tí mo lè pè é. Mo dúró.

"Báwo lo ṣe máa sọ ọ́ nílé yín?" ni wọ́n béèrè.

Mo sọ ọ́ ní Yorùbá. Mo ní ó dà bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró, tí kò tíì mọ̀ bóyá òun máa jẹ́ ewé tàbí òun máa jẹ́ ojú ọ̀run. Mo fẹ́ túmọ̀ rẹ̀, wọ́n ní kí n má túmọ̀, kí n máa bá a lọ. Ni mo bá ń sọ̀rọ̀. Mo sọ ti òkè, mo sọ ti ìkùukùu tó fara rọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sọ ti àwọn ọmọ mi tó ń sọ òkúta sómi. Bàbá ń mi orí bí ẹni tí gbogbo rẹ̀ yé. Ọkọ mi gbé búrẹ́dì dé, ó gbọ́, ó rọra jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn wa.

Ìgbà tí mo dákẹ́, Bàbá na ife sí mi, wọ́n ní ṣúgà rẹ̀ ò tó.