Ọrùn Ẹ̀wù Tòyíbàt

Bí ẹ bá gbé aṣọ fún ẹ̀gbọ́n mi Àsíátù ní Dichemso, ní Kumasi níbí, lọ́jọ́ Ajé, tí ẹ ní Ọjọ́rú lẹ fẹ́ gbà á, ẹ ti ń wá ìjà nìyẹn. Kì í ṣe pé ó ń ṣọ̀lẹ o! Fésìn ni kì í jẹ́ kó tètè parí iṣẹ́. Awẹ́ aṣọ tí télọ̀ ń rán mọ́ inú ọrùn ẹ̀wù kí etí rẹ̀ má baà ya, kó má sì máa họ ènìyàn lọ́rùn, òun ni mò ń wí. Àwọn télọ̀ ìsinsìnyí á kàn ká etí aṣọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sáré fi maṣíìnì lù ú. Àǹtí Àsíátù kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Yóò wá aṣọ tó rọ̀, yóò gé e, yóò fọwọ́ rán an.

Mo sọ̀rọ̀ títí ó sú mi. "Àǹtí, inú lẹ ń rán yìí, ta ló máa rí i?"

"Ṣé ìwọ lo máa wọ̀ ọ́ ni?" Ó parí.

Tòyíbàt ló fà á. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí nìyẹn, láti kékeré ni ara rẹ̀ kò ti gba gbẹ́rẹ́. Bí etí aṣọ tó le bá ti kan ọrùn rẹ̀ báyìí, ibẹ̀ á sú, á máa yún un, á máa fi èékánná họ ọ́ títí ẹ̀jẹ̀ á fi yọ. Ìyá rẹ̀ tú gbogbo ẹ̀wù rẹ̀, títí kan yunifọ́ọ̀mù iléèwé, ó fi fésìn aṣọ òwú sí ọrùn wọn. Ọmọ náà dàgbà, ó di tíṣà ní Santasi, síbẹ̀ kò jẹ́ wọ aṣọ tí kì í ṣe ìyá rẹ̀ ló rán an.

Lóṣù Rájábù tó kọjá, ibà mú Tòyíbàt. A ṣe bí ibà lásán ni. A gbé e lọ sí ọsibítù, kò padà wálé láàyè. Kai! Ẹ jẹ́ kí n fò ó. N kò lè sọ ọ́.

Ọjọ́ náà gan-an la máa sin ín. Nílé wa ní Alabar, àwọn obìnrin ti wẹ̀ ẹ́ tán, Hájíà Àmátúlláhì tó máa ń wẹ òkú obìnrin ládùúgbò wa sì tẹ́ kàlíkò funfun sílẹ̀. Ó gé ihò ọrùn sí ọ̀kan, èyí tó máa ṣe ẹ̀wù fún un. Bí a bá ti gé e, a kì í ká etí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fi í sílẹ̀.

Àǹtí Àsíátù fa abẹ́rẹ́ olówùú yọ láyà bùbá rẹ̀. "Hájíà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi fésìn sí i. Kò ní pẹ́."

"Ìyá Tòyíbàt, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún òkú. Ẹ mọ̀."

"Mo mọ̀. Àmọ́ kàlíkò yìí le. Ó máa họ ọ́ lọ́rùn."

"Kò ní mọ̀ ọ́n lára mọ́."

Inú bí mi sí Hájíà, bẹ́ẹ̀ ó kúkú jàre. Mo gba abẹ́rẹ́ náà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, kò bá mi jà.

Wọ́n wọ̀ ọ́ fún ọmọ. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ síbi orí, ó ń fi ìka ká etí kàlíkò náà sínú, díẹ̀díẹ̀, yí ọrùn ká, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bó bá ká ọ̀tún, òsì á tú. Bó bá ká òsì, ọ̀tún á tú. Hájíà di aṣọ tó kù mú, ó ń sunkún, kò dá a lẹ́kun. Níta, àwọn ọkùnrin ń pè wá.

"Àǹtí, wọ́n ń dúró," mo wí. "Ẹ jẹ́ kí Hájíà fi aṣọ tó kù dì í."

Ó wò mí. "Bí mo bá gbọ́wọ́ kúrò, á tú. Wá bá mi dì í mú."

Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Ó dìde, ó jáde, kò wẹ̀yìn. Mo dúró títí n kò fi gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, kí n tó jáwọ́.