Màmá Onípéègì àti Àwọn Àròkọ Orí Okùn

Wọ́n ní obìnrin kan wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé-ìkàwé tó ń fi ọṣẹ fọ àròkọ. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ní òun fojú ara òun rí bẹ́síìnì. Ẹnì kejì ní ìfófó ọṣẹ náà dé orókún. Ẹnì kẹta, tí kò tíì dé ilé-ìkàwé rí láti ọjọ́ tó ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó ni ín, ló wá búra pé bí omi bá ti kan àròkọ báyìí, gbogbo irọ́ inú rẹ̀ ni yóò ṣí kúrò, àti pé akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé ojú ìwé méjìlá lọ síbẹ̀, àmì ìdánudúró kan ṣoṣo ló gbà padà, òun náà sì ń kán omi.

Ẹ yọ ọṣẹ kúrò, ẹ yọ omi kúrò, ìdajì tó kù jẹ́ òótọ́. Obìnrin náà wà. Bẹ́síìnì náà wà, aláwọ̀ búlúù tó ti sán létí, àmọ́ péègì ló kún inú rẹ̀ bámúbámú, irú èyí tí a fi ń há aṣọ mọ́ okùn kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ sílé onílé. Yàrá rẹ̀ kò tóbi. Bí ènìyàn méjì bá wà níbẹ̀, ẹnì kẹta ní láti bẹ̀bẹ̀ kó tó mí. Okùn mẹ́rin ló ta láti ògiri dé ògiri, orí wọn sì ni àròkọ máa ń wà, ní ègé ní ègé, bí aṣọ ọmọ tuntun. Ẹni tó bá ga díẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹrí ba kó tó wọlé. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùkọ́ àgbà kan kò fi dé ibẹ̀ rí, nítorí wọn kì í tẹrí ba fún ẹnikẹ́ni.

Màmá Onípéègì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi ṣiṣẹ́ ní yàrá ìfọṣọ ilé-ìwòsàn kan. Aṣọ ibùsùn tó ti fọ̀ láyé rẹ̀, bí a bá so wọ́n pọ̀, a lè fi bo gbogbo ìlú kí gbogbo wa sì sùn dọ́la. Ìgbà tó di ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ló dìde lọ́jọ́ kan, ó lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ náà láti kẹ́kọ̀ọ́ nípa àwùjọ ẹ̀dá. Àwọn ọmọ rẹ̀ rò pé àwàdà ni, àfi ìgbà tí ìyá wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn kúrò nídìí tábìlì.

Àròkọ àkọ́kọ́ tó kọ gba máàkì mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tí olùkọ́ kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ: “Ọ̀rọ̀ pọ̀. Ẹ̀rí dà?” Ó gbé ìwé náà délé, inú sì bí i tó fi mú àlùmọ́gàjí gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Nígbà tí inú rẹ̀ rọ̀, ó wá ibi tí yóò tẹ́ ẹ sí kó lè kà á, kò rí. Ló bá há a sórí okùn láàárín aṣọ iléèwé àwọn ọmọ. Ọkọ rẹ̀ wá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ débẹ̀, ìpínrọ̀ kẹta ló bá. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ojú obìnrin náà ti là. Ohun mọ́kànlá ló ní òótọ́ ni nínú àròkọ náà. Ẹ̀rí méjì péré ló wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú méjèèjì sì jẹ́ ohun tí àǹtí rẹ̀ sọ. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kúkú kún agbọ̀n.

Láti ọjọ́ náà, kò kọ àròkọ kankan mọ́ láì kọ́kọ́ há a. Ohun tó bá fẹ́ sọ, yóò há a sókè. Ẹ̀rí rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ọdún àti ojú ìwé, yóò há a sísàlẹ̀ rẹ̀. Èyí tí kò bá ní nǹkan nísàlẹ̀, ìhòòhò ló wà, a kì í sì í rán ẹni tó wà níhòòhò lọ síwájú olùkọ́. Báyìí ló ṣe jáde tìyìn tẹ̀yẹ, tí ilé-ẹ̀kọ́ náà sì gbà á síṣẹ́ pé kó máa ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Wọ́n bi í léèrè ohun tó nílò. Ó ní okùn. Wọ́n ti ń kọ kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Wọ́n pa á rẹ́.

Nígbà náà ni Gáàdì dé. Ọkùnrin ogójì ọdún ni, òun ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé-ìwòsàn kékeré kan nísàlẹ̀ òpópónà, ó sì ti ń fi àyè ìsinmi rẹ̀ kàwé láti ọdún mẹ́rin. Ó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì nínú àròkọ kan náà. Òfin ilé-ẹ̀kọ́ sì ni pé ẹni tó bá ṣubú lẹ́ẹ̀kẹta, orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé nìyẹn, ọdún mẹ́rin náà wọmi. Ìyàwó rẹ̀ ti bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé kò burú bí ó bá pa ìwé tì kó máa sùn bí ènìyàn.

Ohun tí wọ́n ní kó kọ nípa rẹ̀ ni ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń pẹ́ kí wọ́n tó lọ sí ilé-ìwòsàn. Àròkọ tó gbé wá bẹ̀rẹ̀ báyìí: “Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ènìyàn ti ń ṣàìsàn.”

Màmá Onípéègì wò ó láti orí awò ojú rẹ̀. “Àbúrò, ìgbà ìwáṣẹ̀ ọ̀hún, o wà níbẹ̀?”

Gáàdì ní rárá.

“Ẹnu ọ̀nà ilé-ìwòsàn ńkọ́?”

Ó ní ibẹ̀ lòun ti ń bọ̀.

“Ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, jàre. Ọ̀nà ìwáṣẹ̀ jìn, ẹsẹ̀ á ro ẹ́.”

“Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé” wà nínú àròkọ náà níbi mẹ́tàdínlógún. Ó ní kí Gáàdì lọ pe gbogbo ènìyàn wá kí òun lè bi wọ́n léèrè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó fi àlùmọ́gàjí yọ wọ́n. Ìgbà tí wọ́n yọ wọ́n tán, ojú ìwé mẹ́wàá di mẹ́rin. Gáàdì ń wo ègé ìwé nílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gé irun orí rẹ̀ nígbà tó sùn lọ. Èyí tó kù tó ga jù lórí okùn ni pé àìmọ̀kan ló ń mú kí àwọn ènìyàn pẹ́. Màmá Onípéègì kò jiyàn. Ó mú ègé ìwé kan, ó kọ “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ìwọ ni àbí ìwé?” sí i, ó sì fi péègì há a sábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Gáàdì fi wá ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ìwé tó kà kò gbè é: púpọ̀ nínú àwọn tó ń pẹ́ ló mọ̀ pé ara àwọn kò dá. Inú ìrònú yìí ló wà nígbà tó rántí ìwé ńlá tó ń kọ àkókò tí ènìyàn dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwòsàn àti àkókò tó lọ sí lójoojúmọ́. Màmá Onípéègì ní kó má tíì fọwọ́ kàn án. Kó kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, kó má sì mú orúkọ ẹnikẹ́ni jáde. Wọ́n fún un láṣẹ. Ó ka ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Irinwó ènìyàn ó lé méjìlá ló ti dé ẹnu ọ̀nà kí aago méje àárọ̀ tó lù. Aago mẹ́sàn-án ni ilé-ìwòsàn ń ṣílẹ̀kùn. Ọgọ́jọ ó lé méje ti pa dà lọ síbi iṣẹ́ wọn kí ó tó dìgbà náà.

Ó jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ó kọ nǹkan sórí ègé ìwé, ó há a sókè, ó sì já èyí tó sọ̀rọ̀ àìmọ̀kan wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tó kọ ni pé: “Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn pẹ́, ilẹ̀kùn ló pẹ́.”

Màmá Onípéègì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò yìn ín, nítorí kì í yìn. Péègì pupa ló nà sí i. Péègì pupa wà fún ẹ̀rí tó bá ta ko ohun tí ènìyàn fẹ́ sọ; ẹni tí kò bá sì há ọ̀kan, ó kéré tán, kì í jẹ́ kó jáde nínú yàrá náà. Gáàdì ní òun kò rí ọ̀kankan, ọwọ́ rẹ̀ sì ń lọ sí àpò láìfẹ́.

“Mú un jáde.”

Ìwádìí kan ló wà nínú àpò náà, láti ìlú tí wọ́n ti ń ṣílẹ̀kùn tọ̀sán tòru, tí àwọn kan ṣì ń pẹ́ nítorí pé ẹ̀rù àìsàn ń bà wọ́n.

“O fẹ́ kí olùkọ́ wá a rí fúnra ẹ̀?” ni Màmá Onípéègì bi í. “Há a. Kó o wá sọ ibi tí ọ̀rọ̀ tìẹ dé.”

Ó há a tìrora tìrora, ó sì dín ọ̀rọ̀ rẹ̀ kù: kì í ṣe gbogbo ènìyàn, bí kò ṣe àwọn tó gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ. Ọ̀rọ̀ náà kéré sí i, ó sì wá le bí òkúta.

Lọ́jọ́ tó yẹ kí wọ́n jọ tò ó pọ̀, eyín Màmá Onípéègì ń ro ó, ó sì lọ rí oníṣègùn eyín. Ó ránṣẹ́ sí Gáàdì pé kó da gbogbo ohun tó wà lórí okùn kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó má fo ọ̀kankan. Gáàdì sì jẹ́ ẹni tó máa ń tẹ̀ lé àṣẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kò fo ọ̀kankan. Ní ojú ìwé kẹrin, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ pàtàkì kan nípa àwọn òṣìṣẹ́, ni “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ìwọ ni àbí ìwé?” ti yọjú bí ẹni tó ṣi ilé wọ̀. Nítorí pé wọ́n sì ti kọ́ ọ pé a kì í mú ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ lò láì dárúkọ rẹ̀, ó kọ ibi tó ti rí i síwájú rẹ̀: Màmá Onípéègì, abẹ́ àtẹ̀gùn, ọdún yìí.

Olùkọ́ tó ń máàkì rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí awò fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà tó wọ awò padà, ẹ̀rín ti lọ. Bí ohùn obìnrin yẹn bá wà lójú ìwé kẹrin, ohùn ta ló wà lójú ìwé tó kù? Ó padà sí ojú ìwé kejì, ó fa ìlà sábẹ́ ilẹ̀kùn tó pẹ́ yẹn, ó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé gáàdì kankan kò lè kọ èyí. Ó gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀. Bí wọ́n bá rí i pé ẹlòmíì ló kọ ọ́, ìṣubú kẹta nìyẹn.

Ìgbìmọ̀ jókòó lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀: alága, tó jẹ́ obìnrin kan tí ikọ́ ń bá jà, olùkọ́ náà, àti akọ̀wé. Gáàdì ti ibi iṣẹ́ wá pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, bó sì ti mọ́ ọn lára, ó ṣílẹ̀kùn fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kí i kú iṣẹ́, wọ́n jókòó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í retí akẹ́kọ̀ọ́ náà.

Wọ́n ti pe Màmá Onípéègì pé kó wá jẹ́rìí. Ó gbé bẹ́síìnì rẹ̀ lọ́wọ́ wọlé, ó so okùn láti ojú fèrèsé mọ́ ọwọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó kó àwọn ègé ìwé náà lé Gáàdì lọ́wọ́ ní dàrúdàpọ̀, ó sì lọ jókòó, ó káwọ́ lé itan. Gáàdì há a láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Olùkọ́ náà dìde, ó já ẹ̀rí kan bọ́, ó bi í léèrè ohun tó ṣubú. Gáàdì ní ìpínrọ̀ kẹta ṣubú, àmọ́ ìkẹrin ṣì dúró, nítorí pé ìwé ẹnu ọ̀nà ló gbé e ró. Olùkọ́ já òmíràn. Gáàdì dárúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti ojú ìwé, ó sì ní èyí kò lè ṣubú, péègì pupa ni, ó tiẹ̀ máa wù ú kó ṣubú. Alága rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

“Ilẹ̀kùn tó pẹ́ yìí,” ni olùkọ́ bi í, “ta ló sọ ọ́?”

“Èmi ni mo máa ń ṣí i, sà.”

Alága nu ojú rẹ̀, ó ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé Gáàdì ló kọ gbogbo àròkọ náà, àti pé olùrànlọ́wọ́ kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i ju ìbéèrè tí wọ́n ṣèèṣì dà kọ yẹn. Gáàdì ní bẹ́ẹ̀ ni mà, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kọ ìyẹn,” ni Màmá Onípéègì wí. Ó dìde. “Gbólóhùn kan wà lójú ìwé kẹta tó jẹ́ tèmi. Mo kọ ọ́ sórí ègé ìwé kó lè fi ṣe àpẹẹrẹ, mo sì gbàgbé láti já a. Àná ni mo rí i.”

Gáàdì ń wò ó bí ẹni pé kó gbé e mì.

Olùkọ́ ṣí ojú ìwé kẹta. “Èwo níbẹ̀?”

“Èyí tẹ́ ẹ kọ ‘Kò yé mi’ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́.”

Olùkọ́ kà á sókè: “‘Ìwọ̀n àìníwọ̀n àwùjọ ló ń díwọ̀n ìwà tí kò níwọ̀n.’” Ó gbé ojú sókè. “Màmá, òun ló burú jù nínú àròkọ yìí.”

“Mo mọ̀, sà. Mo fẹ́ kó dún bí ìwé ni.”

Alága ṣàlàyé fún un pé bí ọ̀rọ̀ ẹlòmíì bá wà níbẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ máàkì. Gáàdì dijú. Olùkọ́ mú bírò, ó ṣírò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé láì yára: máàkì méjìdínlọ́gọ́ta, ó yọ mẹ́ta, ó ku márùndínlọ́gọ́ta, àádọ́ta ni wọ́n fi ń yege. Ó yí ìwé náà sí alága, alága sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Màmá Onípéègì sún mọ́ akọ̀wé, ó fi ìka tọ́ ibi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. “Ẹ kọ ọ́ báyìí, ọmọ mi: èyí tó dára, òun ló kọ ọ́. Èyí tí kò yé yín, èmi ni.”