Bọ́tìnnì Tó Gba Ìka Màmá

Àbúrò mi ọkùnrin kì í bínú. Èmi ni mo ń bá a bínú tirẹ̀. Lọ́dún tí àrùn rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyá wa ní Bàrígà, ìbò ń bọ̀, gbogbo ilé ìtẹ̀wé Ṣómólú ló ń tẹ ojú àwọn olóṣèlú. Ibẹ̀ ni àbúrò mi ti kọ́ṣẹ́ kó tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe áàpù orí fóònù. Wọ́n ní kó wá bá wọn ṣiṣẹ́, ó kọ̀. Ó ní áàpù tí Màmá á fi máa sọ̀rọ̀ lòun fẹ́ ṣe.

Bọ́tìnnì ló tò síbẹ̀: omi, oúnjẹ, ìrora, àti gbogbo ohun tí Màmá máa ń sọ fún wa. Tí wọ́n bá tẹ ọ̀kan, fóònù á sọ ọ́ jáde. Ohùn mi ló gbà sílẹ̀, ó ní èmi ni mo lẹ́nu jù nílé. Ẹ gbọ́ o!

Ọwọ́ òsì Màmá nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ó sì ń gbọ̀n, nítorí náà bọ́tìnnì gbọ́dọ̀ tóbi. Ọmọ ìtẹ̀wé ṣe é bí ọmọ ìtẹ̀wé: ó gbé rúlà lé fóònù tirẹ̀, ó wọn ínǹṣì kan. Àmì iná kéékèèké tó wà níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní píksẹ́lì, jẹ́ ọgọ́jọ. Ọgọ́jọ píksẹ́lì ló kọ fún bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan.

Mo wá lọ ra fóònù tuntun fún Màmá ní Fádèyí, ojú ẹ̀ ń dán gbinrin. Nígbà tí àbúrò mi gbé áàpù sí i, bọ́tìnnì kò ju hóró àgbàdo lọ. Màmá tẹ ọ̀kan, fóònù sọ pé, "Omi." Mo bu omi wá, wọ́n fọwọ́ tì í. Wọ́n tún na ìka sí òmíràn, ó tún bọ́ sórí omi. Ni omi bá bọ́ lójú wọn.

Orí mi gbóná. "Ṣé eré lo rò pé à ń ṣe ni?"

Ó kàn ń fi rúlà wọn bọ́tìnnì náà. "Àǹtí mi, ẹ wò ó. Àmì iná ti fóònù Màmá wẹ́, wọ́n fún mọ́ra. Ọgọ́jọ tó kún ínǹṣì kan lórí tèmi, ìdá kan nínú mẹ́ta péré ni lórí tiwọn." Ó ní òṣùwọ̀n míì wà, dípì. Béèyàn bá kọ ọgọ́jọ dípì, fóònù kọ̀ọ̀kan á fúnra ẹ̀ ṣírò iye píksẹ́lì tó yẹ ẹ́. Ti Màmá á sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, bọ́tìnnì á sì jẹ́ ínǹṣì kan lórí méjèèjì. Háà, ọmọ yìí lọ́pọlọ! Ó jókòó ti Màmá lẹ́sẹ̀, ó ń yí nọ́ńbà wọ̀nyẹn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe ń pariwo lé e lórí tó. Inú mi dùn sí i ju bí mo ṣe lè sọ lọ, ariwo náà ni mo ṣì ń pa.

Màmá na ìka. Ó gbọ̀n, ó yẹ̀ díẹ̀, ó bà lé bọ́tìnnì.

"Orí ń fọ́ mi," ni fóònù wí.

Wọ́n wò mí, wọ́n tún tẹ òmíràn.

"Dákẹ́!"

Látìgbà tí àìsàn ti dá wọn dùbúlẹ̀, kò sẹ́ni tó tíì pa mí lẹ́nu mọ́ nínú ilé yẹn. Mo bú sẹ́kún.